Ẹ Sọ̀rọ̀ Kí Ara Tó Kọ̀: Àtúnṣe Tó Bọ́gbọ́n Mu Níbi Iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń múra àtilọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sétí bẹ́ ẹ ṣe ń wakọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì yín náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́. Reasonable accommodation ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ wa ló buwọ́ lu ìwé náà láìka ibẹ̀. Nílé, tí wọ́n bá ti dárúkọ accommodation, ọ̀rọ̀ yàrá ló ń wá síni lọ́kàn: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ibi gbé nínú ọgbà yunifásítì, ṣé àlejò ti rí ibi sùn. Ṣùgbọ́n ti inú ìwé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti yàrá. Àtúnṣe ni. Ó túmọ̀ sí pé kí agbanisíṣẹ́ tún bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan tò, kí ẹni tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, tàbí ẹni tí àìsàn ń bá fínra, lè ṣe iṣẹ́ náà bí àwọn yòókù. Mo máa pè é ní àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu.

Ìdí tí mo fi gbé e wá lónìí ni pé ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí mi, aṣọ tó wọ̀ ló ń yàtọ̀. Ẹnì kan á ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ní fòníkú-fọ̀ladìde, mi ò tíì sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Tí ìrora bá dé, mo máa ń purọ́ pé inú ló ń run mí." Ẹlòmíì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, etí mi ọ̀tún ti ń di, mi ò kì í gbọ́ àyà aláìsàn dáadáa mọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀." Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí á ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi ti lọ, àmọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀, ta ló máa san owó ilé?"

Ẹ̀yin àgbà lẹ sọ ọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ lónìí ò ju ẹyọ kan lọ. Àtúnṣe yìí kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe ojúrere ọ̀gá. Ẹ̀tọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí kì í dá rìn ni. Ẹnu yín ló máa gbé e rìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe di ẹ̀tọ́, torí àwọn kan ló jìyà rẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Judy Heumann. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní kékeré, orí wheelchair ló sì dàgbà sí. Ó kàwé, ó fẹ́ di tíṣà. Ní 1970, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní New York kọ̀ láti fún un níwèé àṣẹ. Wọ́n ní tí iná bá sọ, báwo ló ṣe máa kó àwọn ọmọ jáde? Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì di tíṣà. Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó bá ń gba owó ìjọba ò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ torí pé ó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Òfin wà, àmọ́ wọn ò kọ ìlànà tí wọ́n máa fi tẹ̀ lé e. Odindi ọdún 4 ló fi wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1977, Heumann àti àwọn àkàndá ẹ̀dá tó lé ní 100 wọ ilé ìjọba kan ní San Francisco, wọ́n ní àwọn ò jáde. Ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ tí àwọn kan nínú wọn fi sun orí ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Black Panther ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ìjọba buwọ́ lu ìlànà náà.

Ìyẹn ò tíì kan àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tí kì í gba owó ìjọba. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 1990, àwọn míì fi wheelchair àti ọ̀pá wọn sílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé aṣòfin ní Washington, wọ́n sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún wọ́ gòkè. Ọmọdébìnrin ọdún 8 wà lára wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún yẹn, Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lu òfin tí a ń pè ní ADA. Nígbà tó yá, àwọn kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í fún òfin náà mọ́lẹ̀, wọ́n ń sọ pé àìsàn tibí ò tó, tọ̀hún ò tó. Àwọn aṣòfin tún un ṣe ní 2008, àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2009. Ohun tí ẹlòmíì fi orúnkún rà, ẹ má jẹ́ ká fi ìtìjú sọ ọ́ nù.

Ta ni òfin yìí wá bò? Láàrin tiwa, tí wọ́n bá ní àkàndá ẹ̀dá, ẹni tó wà lórí wheelchair, ẹni tí ò ríran tàbí ẹni tí ò gbọ́rọ̀ là ń rò. Òfin ò mọ síbẹ̀. Ohun tó ń bi yín ni pé: ṣé nǹkan kan wà lára yín, tàbí nínú ọkàn yín, tó dín agbára yín kù gidi láti ṣe ohun pàtàkì tí ẹ̀dá ń ṣe? Kẹ́ ẹ rìn, kẹ́ ẹ ríran, kẹ́ ẹ gbọ́rọ̀, kẹ́ ẹ mí, kẹ́ ẹ sùn, kẹ́ ẹ gbé nǹkan, kẹ́ ẹ ronú. Ó tún kan bí ẹ̀yà inú ara ṣe ń ṣiṣẹ́, títí kan ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, wárápá wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, HIV wà níbẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àìsàn tiyín máa ń wá, ó máa ń lọ. Lónìí ẹ ń sáré, lọ́la ẹ ò lè dìde. Òfin 2008 sọ ọ́ kedere pé àìsàn tó ń wá tó ń lọ, ìgbà tó bá dé ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbà tí ara bá yá. Bákan náà, tí oògùn bá ń bá yín dá a dúró, kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ ti bọ́, ẹ ò sí lábẹ́ òfin mọ́. Bí àìsàn náà ì bá ṣe rí láìsí oògùn ni wọ́n máa wò.

Ó yá, kí ni àtúnṣe yìí gan-an? Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọjà ni iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà yín. Ọ̀nà ni bí ẹ ṣe ń dé ibẹ̀. Òfin ò ní kí wọ́n gbé ọjà kúrò níbi tó wà. Ohun tó sọ ni pé tí ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà bá le jù fún yín, tí ọ̀nà míì sì wà tó dé ọjà kan náà, kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ gba ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ wa ṣàpẹẹrẹ. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ bí aláìsàn ṣe ń mí. Ọjà nìyẹn, kò sí bí a ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé stethoscope lásán ló gbọ́dọ̀ fi gbọ́ ọ. Èyí tó ń gbé ohùn sókè wà, òmíràn sì wà tó ń fi ìró ọkàn hàn lójú ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì tí etí rẹ̀ ń di lè béèrè fún irú ẹ̀.

Olùtọ́jú tó ní àtọ̀gbẹ lè béèrè fún ìsinmi ráńpẹ́ láti yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò, kó jẹun, kó sì rí ibi tó tutù fi insulin rẹ̀ sí. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè béèrè pé kí wọ́n má fi òun sí ibi tí òtútù ti ń fẹ́, kí omi wà nítòsí, kí wọ́n sì fún òun láyè nígbà tí ìrora bá dé tàbí tí ọjọ́ dókítà bá kò. Ẹni tó ní wárápá, tí àìsùn máa ń gbé e dìde, lè béèrè pé kí wọ́n gbé òun kúrò níṣẹ́ alẹ́ bọ́ sí tọ̀sán tí ààyè bá wà. Ẹni tó ń dúró gbowó ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́ lè béèrè àga. Ẹni tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń kùn lóorun láàárọ̀ lè béèrè kó máa bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan lẹ́yìn àwọn yòókù, kó sì parí ní wákàtí kan lẹ́yìn wọn. Ẹ kíyè sí i, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ò dín.

Ìsinmi láìgbowó náà lè jẹ́ àtúnṣe. Òfin míì tún wà fún ìyẹn, FMLA, tó ń fúnni ní ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dún láìjẹ́ pé iṣẹ́ bọ́. Àmọ́ ìyẹn wà fún ẹni tó ti lo oṣù 12 níbẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí 1,250 láàrin ọdún kan sẹ́yìn, tí òṣìṣẹ́ wọn sì tó 50 láyìíká ibẹ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Tí ọ̀kan ò bá tó yín, èkejì lè tó yín. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì já sí pé iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe mọ́ rárá, àtúnṣe tó kẹ́yìn ni kí wọ́n gbé yín sí ipò míì tó ṣófo tẹ́ ẹ kúnjú ìwọ̀n fún.

Ẹ lè ní, "Nọ́ọ̀sì, owó ńlá lèyí máa ná wọn." Rárá o. Iléeṣẹ́ kan wà tí ìjọba ń fi owó tì lẹ́yìn, Job Accommodation Network lorúkọ rẹ̀, JAN ni wọ́n ń gé e sí. Wọ́n ti ń bi àwọn agbanisíṣẹ́ léèrè láti bí ọdún mélòó kan wá, nǹkan bí ìdajì nínú wọn ló sì ń sọ pé àtúnṣe tí àwọn ṣe ò ná àwọn ní kọ́bọ̀. Àga ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wákàtí lásán ni wọ́n sún. Ẹ̀yin náà lè pe JAN, tàbí kẹ́ ẹ lọ sórí ìkànnì wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á sọ irú àtúnṣe tó wà fún irú àìsàn tó ń ṣe yín.

Mi ò ní tàn yín o, òfin náà ní ààlà. Ọ̀gá ò ní láti yọ olórí iṣẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ yín. Kò ní láti dín ìwọ̀n iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń ṣe kù. Kò ní láti ra gíláàsì ojú tàbí ẹ̀rọ etí tẹ́ ẹ ń lò nílé. Tí ọ̀nà méjì bá wà tó máa ṣiṣẹ́, òun ló lè mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tí ohun tẹ́ ẹ béèrè bá sì máa dá iṣẹ́ rẹ̀ rú, tàbí tí owó rẹ̀ bá pọ̀ ju agbára iléeṣẹ́ náà lọ, ó lè kọ èyíinì. Àmọ́ "kò wù mí" ò sí nínú ìdí tí òfin gbà. "Àwọn yòókù á máa jowú" náà ò sí níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa béèrè? Ẹ mú bírò.

Èkíní, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó lanu. Ibo gan-an ni iṣẹ́ ti ń ni yín lára? Kí ló lè jẹ́ kó rọrùn?

Èkejì, ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá yín tàbí HR. Kò sí ọfọ̀ kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ pè. Kò tiẹ̀ pọn dandan kẹ́ ẹ dárúkọ òfin. Ẹ lè sọ pé: "Mo ní àìsàn kan tó ń jẹ́ kó ṣòro fún mi láti ṣe báyìí-báyìí. Mo fẹ́ ká jọ jíròrò ohun tá a lè tún ṣe, kí n lè máa ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ." Ó ti tó. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ tún fi í-méèlì sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè fò lọ, ìwé ló ń dúró.

Ẹ̀kẹta, lẹ́tà dókítà. Tí àìsàn náà ò bá hàn sójú, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀rí. Àmọ́ wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba gbogbo ìwé ìtọ́jú yín láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì: ẹ má jẹ́ kí dókítà kọ "iṣẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́" fún yín kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ ìyẹn, ọ̀gá á sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Lẹ́tà tó dára máa ń sọ nǹkan mẹ́ta: ohun tí ara yín ò lè ṣe, ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́, àti ìgbà tó máa gbà. Bí àpẹẹrẹ: "Kò gbọ́dọ̀ dá gbé ohun tó ju pọ́ùn 20 lọ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ó lè lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn." Ẹ rí i pé ìyẹn yé ọmọdé, ó yé àgbà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ múra àtidúnàá-dúrà. Ìjíròrò ni òfin fẹ́. Wọ́n lè ní, "A ò rí tìyẹn ṣe, tèyí ńkọ́?" Ẹ gbé e wò. Tó bá máa gbé yín dé ọjà, ẹ gbà á. Tí kò bá ní gbé yín débẹ̀, ẹ sọ ìdí tí kò fi ní ṣiṣẹ́. Òfin ò dá ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín lésì, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ máa fi yín falẹ̀ láìnídìí.

Ẹ̀karùn-ún, àṣírí yín. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ nípa àìlera yín, fáìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó o sí, kì í ṣe inú fáìlì òṣìṣẹ́ tí gbogbo ọ̀gá ń ṣí. Tí ẹlẹgbẹ́ yín bá béèrè pé kí ló dé tí lágbájá fi ń jókòó, ọ̀gá ò gbọdọ̀ sọ àìsàn yín fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wáṣẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n tó gbà yín, wọn ò gbọdọ̀ bi yín pé àìsàn wo lẹ ní. Wọ́n lè bi yín pé ṣé ẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní àwọn gbà yín, wọ́n lè béèrè ọ̀rọ̀ ìlera tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń wọlé sírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi. Níbẹ̀ yẹn, ẹ má parọ́, torí irọ́ náà ni wọ́n máa dì mú tọ́rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá kọ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá lé yín, tàbí tí wọ́n dín wákàtí yín kù torí pé ẹ béèrè? Òfin kà á léèwọ̀ láti gbẹ̀san lára ẹni tó béèrè. Ẹ lè fẹjọ́ sùn ní EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irú ẹ̀. Kò sówó níbẹ̀, kò sì dandan kẹ́ ẹ gba lọ́yà. Àmọ́ ọjọ́ ń lọ o. Ọjọ́ 180 lẹ ní, láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó máa ń di ọjọ́ 300 níbi tí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú bá ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ẹ má bá wọn ka 300 o. 180 ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, kẹ́ ẹ má baà pẹ́ jù.

Ó ku ibi tó ń ta ọ̀pọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Òfin àpapọ̀ yìí ò mú iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 15. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń dí àlàfo yẹn. Ní New Jersey àti Illinois, òfin ìpínlẹ̀ mú àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké náà. Nítorí náà ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìwé owó orí. Òṣìṣẹ́ ni òfin yìí bò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn, tó jẹ́ 1099 ni wọ́n ń fún yín dípò W-2, wọ́n lè sọ pé aládàáṣiṣẹ́ ni yín, ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé nìkan kọ́ ló ń pinnu ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn ló ń sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, ẹ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn lójú òfin. Ẹ fọ̀rọ̀ lọ ẹni tó mọ òfin.

Àwọn kan ń bẹ̀rù torí ìwé ìgbélùú. Green card lẹ ní o, ìwé àṣẹ iṣẹ́ lẹ ní o, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, òfin yìí bò yín lẹ́nu iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù nìkan kọ́. Ìtìjú wà níbẹ̀. A ò fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ lágbájá ń ṣàìsàn. A ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí ẹbí ọkọ. A ti gbọ́ "máa rọ́jú" látìgbà tá a ti wà lọ́mọdé, a wá gbé e wọ iṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ àyà aláìsàn dáadáa, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ dára, ta ló ń pa lára? Olùtọ́jú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ, tó ń dá gbé ìyá arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀yìn bá kọ̀ fún un láàrin méjì, àwọn méjèèjì ló máa ṣubú. Ìrọ́jú dára. Àmọ́ ìrọ́jú tó ń fi aláìsàn sínú ewu kì í ṣe ìwà akin mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá. A pọ̀ tí a ní iléeṣẹ́ ìtọ́jú ara wa báyìí, ẹ kú oríire. Tí ọmọ Yorùbá kan bá wá bá yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́, dókítà mi ti kọ̀wé," ẹ má dá a lóhùn pé, "Ṣé bí a ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tá a dé?" Ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè pé kí ló lè ṣe. Tí òṣìṣẹ́ yín bá ti tó 15, òfin ti sọ ọ́ di dandan. Tí wọn ò bá sì tó, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Àga kan tàbí àyípadà wákàtí ò tó ohun tí ẹ fi máa sọ ọ́ nù.

Ẹ̀yin olórí ìjọ náà, ẹ má bínú sí mi. Apá òfin ADA tó ní kí ibi tí ará ìlú ń wọ̀ ṣeé wọ̀ fún àkàndá ẹ̀dá, kò mú ilé ìjọsìn. Ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí bọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó máa fipá mú wa. Ìfẹ́ ọkàn wa nìkan ló máa ṣe é. Ẹ wo ilé ìsìn yín lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé ẹni tó wà lórí wheelchair lè dá wọlé láìjẹ́ pé ọkùnrin mẹ́rin gbé e bí àpò sìmẹ́ńtì? Ṣé ẹni tí etí rẹ̀ di lè ka ìwàásù lójú ẹ̀rọ? A máa ń gbàdúrà fún un kó rìn. Àdúrà dára, àmín. Àmọ́ kí àdúrà tó gbà, kó rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ń pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nàìjíríà òde òní náà sì ti ní òfin tirẹ̀. Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú. Ó ka yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀, ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ó sì ní kí iléeṣẹ́ ìjọba rí i pé ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ọdún 5 yẹn ti pé ní 2024. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé ìtajà àti ilé ìwòsàn sílé láti ibí, ẹ sọ fún ayàwòrán ilé yín kó fi ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Láti ìpìlẹ̀ ló ti rọrùn jù.

Ibi tí mo máa dúró sí lónìí nìyí. Nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ yọ ìwé tẹ́ ẹ buwọ́ lù níbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ reasonable accommodation, kẹ́ ẹ sì wo ẹni tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Kò dìgbà tí ara bá kọ̀. Tó bá ti kọ̀, ẹ kọ í-méèlì yẹn lónìí. Tó bá jẹ́ pé ara yín le, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń jẹ̀rora láìsọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí jẹ́ ìlàlóye, kò lè rọ́pò dókítà yín, kò sì lè rọ́pò lọ́yà.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ má sì dárúkọ ibi iṣẹ́ yín. Ẹ tọ́jú ara yín o. Ara ni oògùn ọrọ̀. Ó dàbọ̀.